«Electronic Sound» ń hó ṣàà lójú tó gùn jù: ṣé rẹ́kọ́ọ̀dù ló bàjẹ́ ni, àbí orin náà ló rí bẹ́ẹ̀?

Olólùfẹ́Àwo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà orin. Ọ̀rọ̀ Electronic Sound ni mo gbé wá, àwo tí George Harrison dá ṣe nígbà tó ṣì wà nínú Beatles, tó jáde lóṣù karùn-ún 1969 lábẹ́ Zapple, ẹ̀ka Apple, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn Beatles. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mi ò sì gbà fún àwọn tó ń pè é ní ariwo lásán.

Ojú tó gùn jù kì í dún sókè tó ojú kejì. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ti ń sún mọ́ àárín, ìró á bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ariwo ṣàà kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ bóyá ti orin ni tàbí ti ìdọ̀tí. Báwo la ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Kí ló sì yẹ kí etí máa wá nínú orin tí kò ní ìlù, tí ẹnikẹ́ni ò kọrin sí?

Abẹ́rẹ́Dáyámọ́ńdì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ mọ èwo lẹ̀ ń gbọ́. Nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé orúkọ orin kìíní fún èkejì. Ẹ má gba lébẹ̀lì gbọ́, aago ni kí ẹ wò. Èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 18 àti díẹ̀ ni «Under the Mersey Wall». Èyí tó lé ní ìṣẹ́jú 25 ni «No Time or Space».

Àìdún sókè àti híha yẹn, gígùn yìí ló fa apá tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ́kọ́ọ̀dù, tó ń ká wọnú. Bí àwo 33⅓ bá fi ìṣẹ́jú 25 dún, ó ti yí nǹkan bí ìgbà 840, gbogbo ẹ̀ sì ní láti gba àárín àyè tí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 àbọ̀ lọ. Ìró tó lágbára, pàápàá tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, máa ń mú kí ìlà fì sọ́tùn-ún sósì. Bí àyè ò bá sí, ìlà kan á ya wọnú èkejì. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gé àwo fi máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ojú kan bá gùn tó báyìí. Ẹ yí ohùn ámpù sókè, kò sí àtúnṣe míì.

Ti híha ní àtúnṣe. Létí àwo, ìlà ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́bàá àárín, ó ti wá sí nǹkan bíi 21. Àwo kò dẹwọ́ yíyí o, àyíká ibẹ̀ ló kéré. Gbogbo ìró tínrín wá fún mọ́ra, abẹ́rẹ́ tí orí ẹ̀ rí roboto kò sì lè wọnú wọn dáadáa. Bí conical, ìyẹn olórí roboto yìí, bá ni tiyín, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí elliptical, tí orí ẹ̀ rí bí ẹyin. Bí owó bá wà, microline, tí orí ẹ̀ tún tín-ín-rín jù, sàn jùyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìwúwo abẹ́rẹ́, ìyẹn bó ṣe ń tẹ àwo mọ́lẹ̀ tó. Ohun tí ìwé cartridge yín, ilé kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú, bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín gíráàmù 1.5 sí 2. Ìwọ̀n kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn ni kí ẹ lò, torí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn apá ẹ̀rọ máa ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dín ìwúwo kù pé àwọn ń ṣàánú àwo, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù ló ń fò nínú ìlà tó ń gbá ògiri ẹ̀ jẹ. Ẹ wá gbé protractor sí i, ìyẹn bébà tàbí ike tí wọ́n fàlà sí láti fi to cartridge, kí cartridge dúró gán-án níbi mìlímítà 66 àti 121 sí àárín gbùngbùn. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, apá ìparí ojú yẹn ló máa kọ́kọ́ jìyà ẹ̀.

WáyàPupa

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ti parí tiwọn, ẹ jẹ́ kí n mú ti ariwo. Àwo 33⅓ ń yí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Ohun tó bá ń ta «pá», tó tún ta «pá» lẹ́yìn 1.8 gẹ́lẹ́, ojú àwo ló ti ha níbẹ̀. Èyí tó bá ń ta ṣákálá láìní ètò, eruku tàbí static, iná tó ń kóra jọ sójú àwo, ni. Ariwo ti Moog, ẹ̀rọ oníná tó ń dá ìró sílẹ̀ (synthesizer) tí wọ́n fi ṣe àwo yìí, kì í ṣe méjèèjì: ó ń wú, ó ń fẹ̀ẹ́, ó sì ń parẹ́ lójijì, torí ẹnì kan ń yí bọ́tìnnì nídìí ẹ̀. Ẹ tún fetí sí ìlà òfìfo tó ṣáájú orin. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ti àwo ni.

Fífọ̀ ẹ̀: omi distilled ìpín mẹ́rin, isopropyl alcohol ìpín kan, ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ẹ máa nu tẹ̀ lé ìlà, kí omi má dé lébẹ̀lì. Ẹ wá fi omi distilled lásán ṣàn án. Bí ọṣẹ bá gbẹ sínú ìlà, ariwo tuntun lẹ fi kún un yẹn.

Ẹ pa gbogbo bọ́tìnnì tó ń yọ ariwo kúrò lórí ámpù tàbí kọ̀ǹpútà yín. Kò mọ ìyàtọ̀, á jẹ orin náà mọ́ ọn. Ẹ yẹ eré yíyí wò pẹ̀lú. Nínú orin tí kò ní ohùn tí etí mọ̀, àwo lè máa sáré jù kẹ́nikẹ́ni má fura. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo kẹ́ ẹ kà á: ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta gééré.

OjúKejì

Ohun tí etí máa wá ni ọ̀nà tí ìró kan ṣoṣo ń gbà yí padà. Moog III kò lè kọ ohùn méjì pọ̀ látorí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀, ìkan lẹ́yìn ìkan ni. Ẹ mú ohùn kan, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e: asẹ́ inú ẹ̀rọ náà ń ṣí, ohùn ń mọ́lẹ̀, asẹ́ ń padé, ohùn ń ṣókùnkùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fetí sí ibi tí ariwo ṣàà ti gbapò ohùn. Ẹni tó bá mọ Abbey Road, àwo Beatles, ti gbọ́ ẹ̀rọ yìí kan náà rí, nínú «Because» àti nínú ìjì tó bo ìparí «I Want You».

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé «dá ṣe» yẹn ní àríyànjiyàn. Bernie Krause, ará Amẹ́ríkà tó ń fi Moog kọrin, ló wá fi Moog han Harrison ní Kalifọ́níà lóṣù kọkànlá 1968, ó sì sọ pé àfihàn òun ni wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sọ di «No Time or Space». Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lẹ ń gbọ́ níbẹ̀. «Mersey Wall», tí Harrison ṣe nílé ẹ̀ ní Esher lóṣù kejì 1969, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà ni, òun gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Kò tíì mọ ohun tí ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ ṣe.

Olólùfẹ́Àwo

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Headphone ńkọ́, àbí spíkà?

WáyàPupa

Spíkà. Headphone á mú gbogbo «pá» wá sétí yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé spíkà sórí tábìlì tí turntable wà. Ìró ìsàlẹ̀ Moog á gba inú pákó padà sínú abẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ á sì máa hu.