Ẹ sọ èyí tójú yín rí: ọ̀rẹ́, fóònù àti wàhálà ní yunifásítì

ỌmọÌjẹ̀bú:
Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní 200 level, ẹ jẹ́ n pè é ní Dàda, kì í ṣe ọmọ Yahoo rárá. Kò ní láptọ́ọ̀pù, ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́. Ṣùgbọ́n Dàda kì í lè sọ "rárá" fún èèyàn. Tẹ́ ẹ bá tọrọ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn rẹ̀, á bọ́ ọ fún yín. Bọ̀dá kan ní yàrá tó kọjú sí tiwa, tí gbogbo wa mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọlé lálẹ́: "Dàda mi, owó kan fẹ́ wọlé, báǹkì tèmi ń yọ mí lẹ́nu. Fún mi ní àkántì ẹ, màá fi nǹkan sí ẹ lọ́wọ́." Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ bèèrè. Nígbà tó yá, káàdì. Lẹ́yìn náà, PIN. Mò ń ṣẹ́jú sí Dàda láti orí bẹ́ẹ̀dì, kò wojú mi.

Owó wọlé, wọ́n ti lọ fà á yọ lọ́dọ̀ oní-POS kílẹ̀ tó mọ́. Kò pẹ́ ni báǹkì ti àkántì pa mọ́ owó school fees tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó sáré lọ sí báǹkì kejì, wọ́n ní BVN rẹ̀ ti ní ìṣòro. (Láti 2014 ni BVN ti dé, òun ló so gbogbo àkántì èèyàn pọ̀.) Bọ̀dá ti kó kúrò nílé, orúkọ Dàda ló wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo ní kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi waaro ọwọ́. Ó ní, "Ó máa ń bu oúnjẹ fún mi. Ojú ń tì mí láti kọ̀."

Àdùkẹ́_Èkìtì:
Ti ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe owó, ẹnu ni. Ọmọ kíláàsì wa kan wà tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan ti ẹnu ẹlòmíì kọ́kọ́ jáde. Fídíò ìhòòhò ọmọbìnrin kan dé ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú sí WhatsApp kíláàsì, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ẹ má jẹ́ kó jáde o." Ẹ gbọ́ mi ná, ta ló gbé e jáde? Nígbà tó fi máa pa á rẹ́, ó ti dé hostel kejì. Àwíjàre ẹ̀ ni pé òun kọ́ lòun yà á, òun kàn forward ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ gan-an ni Cybercrimes Act 2015 ń bá wí.

Àgbà_Ọ̀yọ́:
Àbúrò Ìjẹ̀bú, irú Dàda yẹn lẹnikẹ́ni kì í fura sí. Ní November 2023 tí EFCC kó akẹ́kọ̀ọ́ OAU 69 lóru ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n padà tú ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀, ariwo sì pọ̀ débi tí ọ̀gá wọn fi ní kí wọ́n má lọ kó èèyàn lóru mọ́. Ẹni tó bá ra mọ́tò làwa náà máa ń nàka sí ládùúgbò. Ọmọ jẹ́jẹ́ tó yáni ní káàdì ń lọ sí lẹ́kíṣọ̀ tiẹ̀. Ṣé ó rí owó yẹn gbà ṣá?

ỌmọÌjẹ̀bú:
Kò rí i gbà títí mo fi jáde, ẹ̀gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ló bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń dájọ pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ kó o, ìyẹn ló fi ṣèdánwò.