"Ìdènà-ìyípo" kọ́ o, àjẹgbé ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, àmọ́ nínú orúkọ Yorùbá tí a jọ ń wá fún rolling resistance, ìyẹn agbára tó ń ṣòfò bí táyà ṣe ń yí, àti fún táyà tí tiẹ̀ kéré, mi ò lè gba "ìdènà-ìyípo" tẹ́ ẹ mú wá yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, bíréèkì ló máa rò, àbí òkúta tí wọ́n fi há ẹsẹ̀ mọ́tò kó má bàa yí. Ṣé ká wá máa polówó táyà "aláìnídènà"? Ta ló fẹ́ kú?

Kò sóhun tó ń dènà táyà níbẹ̀, táyà fúnra ẹ̀ ló ń jẹ agbára. Bó ṣe ń yí, ibi tó kanlẹ̀ á tẹ̀ pẹrẹsẹ, tó bá kúrò nílẹ̀ rọ́bà yẹn á tún ta padà, ṣùgbọ́n gbogbo agbára tó gbà nígbà tó ń tẹ̀ kọ́ ló máa dá padà, ìyókù á di ooru, ẹ fọwọ́ kan táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tìrìn jíjìn dé kẹ́ ẹ rí i. Ẹni tó yáwó, tó san lára ẹ̀, tó wá jẹ èyí tó kù gbé nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní ká pè é ní àjẹgbé táyà nìyẹn. Àwọn ISO pàápàá, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀, agbára tó ṣòfò lórí ìwọ̀n ọ̀nà tí táyà rìn ni wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí.

Àbúrò tó ní ká pe táyà tí àjẹgbé ẹ̀ kéré ní "ajẹpo-díẹ̀", ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ mọ́tò oníná tí kì í mu epo rárá ńkọ́? Àjẹgbé wà níbẹ̀ náà. Orúkọ yẹn tún ń ṣèlérí jù: tí àjẹgbé bá fi 10% dín kù, epo tó máa dín ò ju bíi 1% sí 2% lọ.

Èmi rò ó sí "táyà ayígeere". Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé geere yẹn jọ yíyọ̀, bẹ́ẹ̀ táyà tó ti jẹ tán, tí rọ́bà ẹ̀ ti tín-ín-rín, á yí geere ju tuntun lọ, kò sì ní dilẹ̀ mú tójò bá rọ̀. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì táyà ti ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2021, ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, A dé E fún epo, A dé E mìíràn fún bó ṣe ń dilẹ̀ mú nínú omi, torí tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá tún ọ̀kan ṣe, èkejì ló máa ń bà jẹ́, àfìgbà tí wọ́n fi silica, ìyẹ̀fun tó bá iyanrìn tan, rọ́pò púpọ̀ nínú carbon black, ìyẹ̀fun dúdú bí èédú, tó wà nínú rọ́bà.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ná: "Afẹ́fẹ́ táyà yìí ti lọ sílẹ̀, àjẹgbé ẹ̀ ti pọ̀ sí i, ẹ pọ́ǹpù ẹ̀." Ìdènà-ìyípo ò lè wọ ibẹ̀ yẹn láéláé.

Ayígeere ni mi ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ẹni tó bá ní èyí tó sàn kó mú un wá. Àjẹgbé, mi ò yí ohùn padà.