Ẹ gbà mí o: aṣọ wo ni kí n fi rán ìbora àga?

Màmá Ìrètí: Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rán ìbora fún àga pálọ̀ fúnra mi, mo ń wá aṣọ tó lágbára, tó sì ṣeé fọ̀. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ ní Sátidé, àwọn ọmọ sì ti da ọbẹ̀ sórí àga yìí. Ọ̀la ni mo fẹ́ rà á.

Ọmọ Gbági: Àga ẹlẹ́ni mẹ́ta ni àbí ẹlẹ́nìkan? Ẹ wọ Gbági tuntun, ọjà aṣọ n'Ìbàdàn, ẹ kọjá àwọn tó wà níwájú, ẹ bèèrè ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ojú fèrèsé. Kánfáàsì tàbí jíìnsì tó nípọn ni kí ẹ gbà. Aṣọ àga sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì 54 sí 60. Àǹkárá kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa so ó pọ̀, ojú rírán yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ ya.

Àdùnní: Jíìnsì kẹ̀? Ẹ sá fún un! Aláwọ̀ dúdú ni mo rà, ẹni tó tà á fún mi búra pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí. Lọ́jọ́ ìkómọjáde ọmọ mi, àwọn ìyàwó ilé wa wọ léèsì funfun wá. Bí wọ́n ṣe dìde báyìí, aró ti mú gbogbo wọn nídìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí dòní.

Ìyá Ìbejì: Háà! Léèsì funfun! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Alájọṣe: Mo ti pa jíìnsì rẹ́ nínú ohun tí mo fẹ́ rà.

Bísí Abẹ́òkúta: Ẹ ò fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́ ni? Iyọ̀ ló ń di àwọ̀ mú.

Bàbá Télọ̀: Àǹtí Bísí, ẹ má bínú, inú ìkòkò aró ni iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ tí wọ́n ti pa láró tán, iyọ̀ ò lè dì í mú mọ́. Ẹ fi aṣọ ìnujú funfun tó tutù ha igun rẹ̀ dáadáa. Bí aró bá yọ, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ má gbé e sórí àga rárá.

Bísí Abẹ́òkúta: Omi iyọ̀ la fi ń rẹ àdìrẹ tuntun nílé wa láti kékeré.

Bàbá Télọ̀: Omi tí ẹ fi ń ṣàn án ló ń kó aró tó ṣẹ́kù lọ, àǹtí mi. Màmá Ìrètí, ẹ gbọ́: ẹ fọ gbogbo aṣọ náà, kí ó gbẹ, kí ẹ tó gé e. Òwú máa ń súnkì ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, ìbora yín á sì kọ̀ láti wọ àga.

Ìyá Ìbejì: Bí ìdun bá wà nínú àga, ìbora ò lè ṣe nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú rírán fóòmù wò.

Ọmọ Gbági: Ta ló sọ̀rọ̀ ìdun? Òjò ń rọ̀, ẹ wá èyí tí políẹ́sítà wà nínú rẹ̀, á tètè gbẹ. Ẹ já fọ́nrán rẹ̀ kan, ẹ tanná ràn án. Tó bá jó bíi bébà, tó di eérú, òwú ni. Tó bá yọ́, tó di kókó líle, políẹ́sítà ni.

Màmá Ìrètí: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ léèsì yẹn dẹ́rù bà mí, mi ò lè ra jíìnsì. Àǹkárá ni mo rà, ìyá ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti gé e, mo ti ń rán an lọ.

Bàbá Télọ̀: Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e?