Náìn-tu-fáìfù: ṣé aago mẹ́sàn-án gan-an ni?

Aláró: Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ gbà mí. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábẹ́rẹ́ ní iṣẹ́ náìn-tu-fáìfù lòun ń ṣe. Àmọ́ aago 7 àárọ̀ ló ń wọ kòrópe, aago 5 ò sì tíì lù tó ti ń bá mi tú okùn àdìrẹ. Mẹ́sàn-án dà níbẹ̀?

Akọ̀wé: Màmá, ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, aago 9 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́. Ìjọba tiwa, 8 sí 4 ni. Iṣẹ́ oṣù là ń fi pè.

Ẹ̀ṣọ́ alẹ́: Òótọ́ ni! Alẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́ tèmi, síbẹ̀ náìn-tu-fáìfù ni ìyá ìyàwó mi ń pè é.

Aláró: Ẹ ṣé o. Èmi tí mo ń rẹ aṣọ láró láti ìdájí ńkọ́, kí là ń pe tèmi?