Ìdánwò kì í kùnà, ẹ dákun

Ẹ̀yin ará, nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a fẹ́ dìbò lé lórí fún irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò, mo ti rí "Ìkùnà-Ìdánwò" tí wọ́n fẹ́ kó máa jáde lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ kóòdù mìíràn wò, bá di pupa torí pé èsì ò bá ohun tí a retí mu, inú mi ò sì dùn sí i rárá. Ẹ̀gbọ́n tó gbé e wá, ẹ má bínú o, níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí pé ìdánwò kùnà? Ọmọ ló ń kùnà nínú ìdánwò. Bí mo bá kọ tẹ́ẹ̀sì pé kí iye ọjà jẹ́ 5, tí kóòdù mi wá gbé 4 jáde, tẹ́ẹ̀sì yẹn ti jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an, ó ti mú olè, ẹ wá ní ká kọ ọ́ síwájú orí ẹ̀ pé ó kùnà! Òyìnbó ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ló kàn wá.

"Àìdọ́gba" tí ẹnìkan dábàá sàn díẹ̀, mi ò ní nǹkan kan sí àì- yẹn, àmọ́ "Àìdọ́gba: 4, 5", èwo là ń retí ńbẹ̀, èwo ló dé? Àrùn tó ń ṣe unittest, irinṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì ti èdè kóòdù Python, náà nìyẹn, á kàn ní 4 != 5 (4 ò dọ́gba pẹ̀lú 5), ó parí. JUnit, irinṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì ti èdè Java tí Kent Beck àti Erich Gamma kọ, ń dárúkọ èyí tí a retí àti èyí tó jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ èyí tí a retí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú assertEquals, ìyẹn àṣẹ tó ń fi méjèèjì wéra, TestNG tí òun náà jẹ́ ti Java wá yí i po, èyí tó jáde ló ní kó ṣáájú. Ẹni tó bá ti ibì kan bọ́ sí ìkejì tí kò rántí, irọ́ ni kọ̀ǹpútà á máa pa fún un, gbogbo òru ló máa fi wá àléébù síbi tí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká lo "ni". "4 ló jáde, 5 là ń retí." Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ gbọ́. "Ni" ti fa nọ́ńbà wá síwájú, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé ìkíní fún ìkejì. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní tí tẹ́mínà, ojú dúdú tí kọ̀ǹpútà ń kọ èsì sí, bá ti jẹ àmì ohùn, "ló" á di "lo", á wá dà bí ìgbà tí à ń bá ẹnìkan wí. Ó dáa, ẹ kọ "4 ni kóòdù gbé jáde" gbọọrọ, ìjà yẹn ò tó nǹkan. Pytest, irinṣẹ́ Python mìíràn, tiẹ̀ tún ń tú assert lásán (ìlà tó ń sọ ohun tó yẹ kó jẹ́ òótọ́) palẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ (function) tó bí 4 hàn, ohun tí màá kọ síbẹ̀ ni "ọ̀dọ̀ iye_oja ni 4 ti wá". "Ni" náà ni o.

Ẹni tó ní kí èmi ará Ìkọ̀lé-Èkìtì dákẹ́ torí pé "ulé" là ń pe ilé, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ wa àgbà kan nílé, tó bá ń ka èsì, kò ní sọ pé o féèlì, á ní "Méjìlá lo gbà, ogójì là ń wá", àwa tá a jókòó síbẹ̀ ti mọ bó ṣe jẹ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè àlàyé. Èdè Èkìtì ló fi ń sọ ọ́, èmi ni mo tún un kọ kẹ́yin ará ìgboro lè rí i kà. Kò sírú wọn mọ́, gírámà ló kù tá à ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́.

Èyí tó ní ká pa "ìdánwò" tì ká máa lo "ìdẹwò", ṣé Àdúrà Olúwa ló fẹ́ fi yẹ kóòdù wò ni? Mi ò dá a lóhùn. Ti tẹ́ẹ̀sì tí a ò ṣe, tí wọ́n fẹ́ kọ "a fò ó" sí, mo fọwọ́ sí i, àmọ́ tí àmì bá ti re, "a fo o" náà ló máa kù, ṣé a fò ó ni, a fọ̀ ọ́ ni àbí a fọ́ ọ? Ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó dìbò.