Àká ni, kì í ṣe àpótí alásopọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá fún ẹ̀rọ tí à ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà sí sílẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ dábàá pé kí á máa pe háàdì dísìkì ní "àpótí ìpamọ́", kí á sì máa pe èyí tí wọ́n ń so mọ́ nẹ́tíwọ́kì ilé, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní NAS, ní "àpótí ìpamọ́ alásopọ̀". Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ti èkejì ni n kò lè gbà, àká ni mo fẹ́ kí á máa pe NAS, ìdí rẹ̀ sì ni pé ojú mi ló ṣe.

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ń wá ibi tí òun, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ yóò máa kó fọ́tò àti fídíò wọn sí, kí gbogbo rẹ̀ má baà wà nínú fóònù kan ṣoṣo tí olè lè gbé lọ. Ó ní kí n kọ ohun tí òun máa rà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá: "háàdì dísìkì alásopọ̀, ti NAS." Ó lọ sọ́jà, ó rà á, èyí tí àyè inú rẹ̀ jẹ́ tẹ́rábáìtì 4. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, irin pẹlẹbẹ kan ni mo bá lórí tábìlì. Ó wúwo ju bó ṣe rí lọ, kò ní iná, kò ní bọ́tìnnì, ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì péré ló wà ní ìdí rẹ̀. Wáyà ráútà wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ń yí irin náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni mo máa ki èyí bọ̀?"

Kò síbi tó máa ki wáyà náà bọ̀. Ohun tí wọ́n tà fún un ni àwo tí wọ́n ṣe fún inú ẹ̀rọ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó tà á kò purọ́: NAS ni wọ́n kọ sí i lára lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ló ṣì í lọ́nà, nítorí ó pe ohun méjì ní orúkọ kan.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú, lára àwo. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu wa láti ayé giramafóònù: àwo orin, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohun tó ń yí nínú háàdì dísìkì kò yàtọ̀ sí i. Ó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí IBM kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1956 ní àwo 50 tí wọ́n tò sórí ọ̀pá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 24. Àwọn kan fẹ́ kí á pè é ní "àwo líle". N kò fara mọ́ ọn. Òyìnbó pè é ní líle torí pé ó ní èkejì tó rọ̀, fulọ́pì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò fojú kàn rí. Kí ni "líle" fẹ́ sọ fún ẹni tí kò mọ ti rírọ̀? Àwo ìkópamọ́ ti tó. (Ti SSD, ìyẹn irú ẹ̀rọ ìkópamọ́ mìíràn tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí á pè é ní àwo.)

Mo sọ pé ìkópamọ́, n kò sọ pé ìpamọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹyọ kan ni à ń fi pamọ́, ó sì lè jẹ́ pé ṣe la fẹ́ kó fara sin: owó tí ìyàwó fi pamọ́ kí ọkọ má baà rí i. Ohun tó pọ̀ là ń kó pamọ́. Fọ́tò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kíkó ni.

Lẹ́yìn àwo ló kan àpótí, ibẹ̀ lẹ sì ti gbà á dáadáa. Ìyá ìyá mi ní àpótí kan lábẹ́ ibùsùn, etí ìró wọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi kó wọ yàrá náà, kí ìyá sì tú ìró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni háàdì dísìkì tí à ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ló ni ín, ẹ̀rọ kan ló ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá ti kú, ẹni tó wà ní yàrá kejì kò rí nǹkan kan.

Àká kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oko bàbá mi, orí òpó igi mẹ́rin ni àká àgbàdo dúró sí, ó ga débi pé ẹnu ewúrẹ́ kò lè tó o, wọ́n a sì máa dáná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí kòkòrò má baà ba àgbàdo jẹ́. Ìyàwó tó fẹ́ rẹ ògì a lọ bù, ọmọ tó fẹ́ fún adìẹ lóúnjẹ a lọ bù. Wọn kì í jí bàbá kí wọ́n tó débẹ̀. NAS tí à ń sọ yìí náà dá dúró láyè ara rẹ̀: ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ó ní iná tirẹ̀, ráútà ni wáyà rẹ̀ wọ̀, fóònù tó wà ní yàrá àti tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ ń bù láti inú rẹ̀, yálà kọ̀ǹpútà wà ní títàn tàbí ní pípa. Èyí ni "alásopọ̀" kò sọ. Wáyà ló sọ, kò sọ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ń so mọ́ nẹ́tíwọ́kì, tẹlifíṣọ̀n náà ń so mọ́ ọn.

Ẹnìkan sọ pé ọ̀rọ̀ oko ni àká, àwọn ọmọ ìlú kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ odò ni ọkọ̀ náà nígbà kan, kó tó di ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ìtàn ọlọ́rọ̀ inú Bíbélì tó fẹ́ wó àká rẹ̀ kó lè kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ, ó mọ àká.

Ó ku irin tí àbúrò mi rà. Báwo la ṣe máa yà á sọ́tọ̀ sí àwo lásán? Mo ní kí á pè é ní "àwo àìsùn". Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760, wọ́n sì ṣe é kó lè máa yí ní gbogbo wákàtí yẹn. Iṣẹ́, ìyẹn ohun tó ń kọ àti ohun tó ń kà, tí wọ́n ń kọ sí ìwé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jẹ́ tẹ́rábáìtì 180 lọ́dún. 55 ni wọ́n sábà ń kọ fún ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ọ̀kan tó wù mí jù nínú ìwà rẹ̀ ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́. Bí ojú kan lára àwo lásán bá bàjẹ́, á máa tún ibẹ̀ kà, á máa tún ibẹ̀ kà, nígbà mìíràn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àká, tó sábà máa ń ní ju àwo kan lọ nínú, á rò pé ó ti kú, á sì yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù. Àwo àìsùn sábà máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 gbìyànjú rẹ̀, lẹ́yìn náà á ké sí àká pé kó lọ mú un lára èkejì òun, tí ohun kan náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń rà á bèèrè bóyá onípáànù ni, ìyẹn èyí tí ìlà ìkọ̀wé inú rẹ̀ gun ara wọn bíi páànù òrùlé, tí èèyàn kò lè pààrọ̀ ọ̀kan láìṣí èyí tó gùn ún. Lọ́dún 2020, Western Digital, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe háàdì dísìkì, jẹ́wọ́ pé àwọn kan lára àwo tí wọ́n pè ní Red, tí wọ́n ń tà fún NAS, jẹ́ onípáànù, láìkọ ọ́ síbi tí olùrà lè rí i.

Ní ti àwo méjì tí ohun kan náà wà nínú wọn, ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é ní "ẹ̀dà". Ẹ jọ̀ọ́, ìbejì ni kí á pè é. Bí o bá ṣèèṣì pa fọ́tò kan rẹ́, ó pa rẹ́ lára Táyé, ó pa rẹ́ lára Kẹ́hìndé lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà ni èyí tó wà lọ́tọ̀, tí ọwọ́ àṣìṣe kò tó, tí iná tó bá jó ilé kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà nínú ohun tí a kọ tó sì fọkàn balẹ̀ lórí ìbejì, àwa la fi í sínú ewu.

Bí ẹ bá sì bi mí léèrè èyí tí èèyàn máa rà: ẹni tí kò ní ínfátà tàbí UPS, bátìrì tó ń gba iṣẹ́ ṣe bí iná bá lọ, àpótí méjì ni kó rà, kó gbé ọ̀kan sí ilé ìyá rẹ̀. Àká kò fẹ́ iná tó ń lọ lójijì nígbà tó ń kọ̀wé.

Àbúrò mi ní ínfátà. Ó padà lọ ra àká oníhò méjì, a sì ki irin ọjọ́sí bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbejì rẹ̀. N kò kọ́ àwọn ọmọ lórúkọ kankan, mo kàn ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbé fóònù ìyá rẹ̀, ó pè mí: "Bàbá ńlá, fídíò ọjọ́ ìbí mi kò sí nínú àká o. Ta ló kó o kúrò?"