Géèjì epo Piper Cherokee wa ń já wálẹ̀: kí ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ẹ̀yin awakọ̀ òfuurufú àti mẹ́káníìkì wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, Piper Cherokee 180, ní Texas níbí. Inú ìyẹ́ tó wà nísàlẹ̀ lẹ́ńjìnì ti ń fi pọ́ǹpù fa epo, kò dà bíi Cessna 172 tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, tí epo sì ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Tá a bá gòkè tán tá a pa pọ́ǹpù oníná, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo á já láti psi 5 (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára yẹn) sí bíi psi 1, á máa gbọ̀n, kó tó rọra padà sókè. Ẹ́ńjìnì ò kọsẹ̀ rí. Psi 0.5 sí 8 nìwé fàyè gbà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, a ò sì tíì gbé e fò mọ́.

A ti dán táǹkì méjèèjì wò, a ti fọ asẹ́ epo, kò sí ìdọ̀tí. Mẹ́káníìkì wa ní pọ́ǹpù kejì, èyí tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń yí, ló ń kú lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní géèjì ni: ti àtijọ́ ni lóòótọ́, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé epo gan-an wá sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, ìyẹn sì ń bà mí lẹ́rù.

Nínú méjèèjì, èwo lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀, kí sì nìdí?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.